Eélòó Ni Dọ́là Tó Wà Nínú Aṣọ Òfì?

Bí náírà bá já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ ó máa gbọ́ ní Ìlọrin. Àwọn kan á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọjà òkè òkun á wọ́n, gbogbo wa á wá padà sídìí ohun tí à ń ṣe nílé. Àwọn mìíràn á ní ó ti bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ á tilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì lè jàre lọ́jọ́ kan náà, ní òpópónà kan náà. Ẹni tó ń ra kajú jọ ní Òmù-Àrán lè máa ka owó tí kò kà rí, kí oníbúrẹ́dì tó múlé tì í máa wá ẹni tí yóò yá a lówó àpò fúláwà kan. Ọ̀kan ò gbọ́n ju èkejì lọ. Ọ̀kan ń gba dọ́là fún ọjà rẹ̀, èkejì ń fi dọ́là ra ohun tó fi ń ṣe ọjà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tó fojú kan dọ́là nínú àwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ka dọ́là tó fara pamọ́ yìí, á mọ ìdí tí ogun ilẹ̀ òkèèrè fi ń ṣe ilé búrẹ́dì wa léṣe, á sì mọ ìdí tí òfin tí wọ́n fi ń gbèjà ilé-iṣẹ́ wa fi máa ń pa ilé-iṣẹ́ kan náà lára nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ tí gbogbo ayé gbà pé ìbílẹ̀ pátápátá ni. Aṣọ híhun ni. Igi ni òfì. Igi ni ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá, igi náà ni asà tí ahunṣọ fi ń gbá a wọlé. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ èèyàn ló ń ṣe é, kò bèèrè iná NEPA. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwú tó wà lójú òfì. Láyé ọjọ́un, àwọn ìyá àgbà ló ń fi ìrànwú ran òwú tí wọ́n ká lóko, ẹ̀lú ni wọ́n sì fi ń pa á láró. Lónìí, òwú ẹ̀rọ ló pọ̀ jù: polyester, rayon, àti ṣáínṣáín tó ń kọ mànà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, China àti India ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n á gba èbúté Èkó wọlé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ olówùú ní Ìlọrin. Polyester fúnra rẹ̀, ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Nàìjíríà ń ta epo rọ̀bì, àwọn ará ibòmíràn ń sọ ọ́ di òwú, àwa sì ń fi dọ́là rà á padà láti fi hun ìró ìyàwó.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Àlàárì pupa tí àwọn baba wa fi ń ṣe fáàrí, ṣẹ́dà inú rẹ̀ kò jáde láti ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọ̀rúndún 19, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ń kó o wá sí Tripoli ní etí òkun Líbíà, ràkúnmí á gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà já dé Kánò, àwọn oníṣòwò á sì gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ wa. Alharini ni àwọn Hausa ń pè é, ẹ sì gbọ́ bó ṣe jọ orúkọ tí àwa náà fún un. Sányán ló jẹ́ tiwa, ara kòkòrò inú igbó wa ni wọ́n ti ń yọ òwú rẹ̀. Ọjà àgbáyé ti pẹ́ nílé wa. Ohun tó yí padà ni bó ṣe ń yára. Ṣẹ́dà orí ràkúnmí máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n lónìí, bí dọ́là bá fò sókè ní Èkó láàárọ̀, olówùú Ìlọrin á ti gbọ́ kí wọ́n tó kírun àṣálẹ́.

Ẹ wá mú bírò. Ká sọ pé ahunṣọ kan ń ta odindi aṣọ ìyàwó ní ₦30,000 nígbà tí dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bíi ₦460, ìyẹn kí CBN, báńkì àpapọ̀, tó tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà 2023. Òwú gba ₦12,000 nínú rẹ̀, owó iṣẹ́ gba ₦10,000, owó ọkọ̀ àti èrè jẹ́ ₦8,000. Ìpín dọ́là nínú aṣọ yìí jẹ́ ₦12,000 nínú ₦30,000, ìyẹn 40%. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,400, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta. Òwú ₦12,000 ti di ₦36,000. Láìfi kọ́bọ̀ kan kún owó iṣẹ́, aṣọ náà ti di ₦54,000. Ahunṣọ kò ṣe ojúkòkòrò, oníbàárà kò ní ahun.

Ibí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń fara gbọgbẹ́ láìmọ̀. Ẹni tó ti ní òwú àtijọ́ nílé, tó hun ún, tó sì tà á ní ₦40,000, á rò pé òun jèrè ₦10,000 lé. Ó dé ọ̀dọ̀ olówùú, wọ́n pe òwú nìkan ní ₦36,000. Ó ku ₦4,000 lọ́wọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́, fún ọkọ̀, fún oúnjẹ ọmọ. Bí ó bá tún ta ẹlẹ́ẹ̀kejì bẹ́ẹ̀, òfì á dákẹ́, kò sì ní mọ ohun tó pa á. Iye tí ẹ ó fi ra òmíràn ni kí ẹ fi máa ṣírò, ẹ gbàgbé iye tí ẹ rà á tẹ́lẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ dárúkọ owó aṣọ ìgbéyàwó tó ku oṣù mẹ́ta, ẹ gba owó òwú lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ra òwú náà lọ́jọ́ kejì. Owó iṣẹ́ lè dúró, òwú kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Dọ́là inú ọjà pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tó hàn síta, bí òwú yẹn: ohun èlò tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ẹ má béèrè ibi tí ẹ ti rà á, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe é, nítorí ohun tí ẹ rà ní Ọjà Ọba lè jẹ́ ará Guangzhou ní China. Ẹlẹ́ẹ̀kejì wà nínú ohun tó gbé ọjà náà rìn: dísù, táyà, páàtì ọkọ̀, páàtì jẹnẹrétọ̀. Láti èbúté Èkó dé Ìlọrin jẹ́ nǹkan bíi 300 kìlómítà, láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023, owó epo náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé dọ́là. Ẹ̀kẹta ló máa ń rú èèyàn lójú jù: ọjà tí a gbìn níbí, tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, ṣùgbọ́n tí àwọn ará òkèèrè náà ń wá rà. Sóyà ni àpẹẹrẹ. Oní-adìyẹ ní Ìlọrin nílò rẹ̀ fún oúnjẹ adìyẹ, oníṣòwò tó ń kó ọjà lọ sókè òkun náà nílò rẹ̀. Bí èkejì bá lè san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí pé dọ́là rẹ̀ ń di náírà púpọ̀, oní-adìyẹ gbọ́dọ̀ san iye kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àgbẹ̀ kò ní tà á fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹyin fi ń wọ́n nígbà tí adìyẹ wà ní Ganmọ, tí sóyà náà sì hù ní Nàìjíríà.

Ẹ tún wo ohun tí dọ́là inú rẹ̀ kéré: ọ̀dùnkún Ọ̀fà. Ilẹ̀, ọkọ́, ọwọ́ àti owó ọkọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, kò fò bíi fúláwà. Ṣùgbọ́n ohun kan náà tó dáàbò bò ó ni kò jẹ́ kó rí dọ́là gbà, torí ó tètè ń jẹrà, kò sì lè dúró pẹ́ nínú kọ̀nténà.

Búrẹ́dì wà ní òdìkejì. Àlìkámà fẹ́ òtútù. Ìgbà ọyẹ́ ni àwọn ará òkè ọya ń gbìn ín, omi ni wọ́n ń fà sí i, èyí tí wọ́n ń rí kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ fúláwà ń lọ̀ lọ́dún. Ọ̀pọ̀ jù lọ ń wá láti òkè òkun. Láti rí fúláwà 50 kg, wọ́n á lọ àlìkámà bíi 67 kg, nítorí nǹkan bíi 75% rẹ̀ ló ń di fúláwà funfun, èèpo tó kù ni wọ́n ń tà fún àwọn ọlọ́sìn. Bí tọ́ọ̀nù àlìkámà kan bá jẹ́ $300, àlìkámà tó wà nínú àpò fúláwà kan jẹ́ $20. Nígbà tí dọ́là wà ní ₦460, ₦9,200 nìyẹn. Nígbà tó di ₦1,500, ó di ₦30,000. Wọn kò fi sẹ́ǹtì kan kún un ní òkè òkun.

Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì 2022, àwọn kan béèrè pé kí ló kan àwa, ṣé ọ̀dọ̀ wọn nìkan la ti ń rà ni? Orílẹ̀-èdè méjèèjì wà lára àwọn tó ń ta àlìkámà jù láyé. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ Ukraine kò lè fi ebi sùn, wọ́n sá lọ bá Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ẹni tó ti ń rà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá bá èrò púpọ̀ nídìí ọjà. Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn bí iná bá jó ọjà kan ní ìlú, tí gbogbo èèyàn ya lọ sí èyí tó kù: ẹni tó ń ná ọjà kejì tẹ́lẹ̀ náà á rí i pé ata ti gbówó lórí.

Ìjọba ti gbìyànjú láti dín dọ́là inú búrẹ́dì kù nípa fífi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kún fúláwà. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ohun kan wà nínú àlìkámà tó ń mú kí ìyẹ̀fun pípò máa fà bíi rọ́bà, tó sì ń gbá afẹ́fẹ́ íìsì mọ́ra kí búrẹ́dì lè wú. Ẹ̀gẹ́ kò ní in. Bí ẹ bá fi 10% sí i, oníbàárà kò ní mọ̀. Tó bá ti kọjá 20%, búrẹ́dì á le, á máa rún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ lò fún búrẹ́dì gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín wákàtí 24 tí a wú u. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó ti ń kan, láfún ló ń dà lọ, òórùn rẹ̀ á sì jáde nínú búrẹ́dì. Ẹ̀rọ tó lè gbẹ ẹ kíákíá lásìkò òjò ń jẹ dísù, dísù sì tún mú wa padà sọ́dọ̀ dọ́là.

Kajú ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ sí jù, nítorí inú rẹ̀ ni èrè àti àdánù wa ti wà pa pọ̀. Igi rẹ̀ kún Ìfẹ́lódùn, Irẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Òkè-Ẹ̀rọ́ àti Èkìtì ní gúúsù Kwara. Láti nǹkan bí oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣa á. Àgbẹ̀ á tà á fún àwọn tó ń rà kiri abúlé, wọ́n á kó o dé ilé ìkẹ́rùsí ní Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ó di èbúté Èkó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì forí lé Vietnam tàbí India. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti pa á, tí wọ́n á bó o, tí wọ́n á sì tà á fún Amẹ́ríkà àti Yúróòpù.

Kò sí dọ́là púpọ̀ nínú ohun tí àgbẹ̀ fi ń ṣe é, dọ́là ni wọ́n sì ń san fún un. Ká sọ pé tọ́ọ̀nù kan jẹ́ $1,200 ní èbúté. Ní ₦460, kìlò kan jẹ́ ₦552. Ní ₦1,500, ó di ₦1,800. Owó àpò, ọkọ̀ àti ti àwọn alágbàtà á jáde nínú rẹ̀, síbẹ̀ àgbẹ̀ rí ìyàtọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kò dé ọwọ́ gbogbo èèyàn bákan náà, torí ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn kajú ni. Àwọn tó ń rà á lọ sókè òkun kì í fi ojú lásán dá a lẹ́jọ́. Wọ́n á fa díẹ̀ yọ láti inú àpò púpọ̀, wọ́n á wọn kìlò kan, wọ́n á la gbogbo rẹ̀ sí méjì, wọ́n á yọ ọmọ inú rẹ̀, wọ́n á ṣa èyí tó dára sọ́tọ̀, wọ́n á sì wọn ọ́n. Èyí tó ní àbàwọ́n díẹ̀ ni wọ́n ń ka ìdajì rẹ̀. Bí èyí tó dára bá jẹ́ gíráàmù 270 nínú kìlò kan, wọ́n á sọ ọ́ di iye pọ́n-ùn tó máa jáde nínú àpò 80 kg. Gíráàmù 270 jẹ́ nǹkan bíi pọ́n-ùn 47.6, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní outturn. Bí àdéhùn bá jẹ́ 47, tí tiyín sì jẹ́ 44, wọ́n á gé owó lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó dín.

Ohun tó ń ba outturn jẹ́ kò ṣòro mọ̀. Ẹni tó bá ń ká a lórí igi kó tó já bọ́ fúnra rẹ̀ ń kó kóró tí kò gbó. Ẹni tó bá fi ẹran èso sílẹ̀ lára rẹ̀ ń gba omi sínú àpò. Ó yẹ kó gbẹ nínú oòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lórí sìmẹ́ǹtì tàbí tapólì, kí ẹ máa yí i, títí omi inú rẹ̀ á fi wà láàárín 8% sí 10%. Bí ẹ bá mi àpò rẹ̀, tó ń ró gbararà, ó ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn. Àpò kòkó ni kí ẹ dì í sí, torí ó ń mí. Inú àpò ọ̀rá, kajú máa ń làágùn, á sì hu bùǹtù kó tó dé Èkó. Ọkọ̀ ojú omi sì ń lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lójú òkun, kí ẹ tó gbọ́ pé ó ti bàjẹ́, ẹni tó rà á ti gé owó yín.

Kí ló dé tí a kò fi pa á níbí? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé a ò ní ẹ̀rọ, tàbí pé a jẹ́ ọ̀lẹ. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Iṣẹ́ náà le lóòótọ́: epo kan wà nínú èèpo kajú tó ń jó awọ ara, nítorí náà wọ́n ní láti fi ooru omi gbígbóná sè é kó tó ṣeé là, wọ́n á tún sá ọmọ inú rẹ̀, wọ́n á bó awọ tín-ín-rín tó bò ó láìfọ́ ọ, torí èyí tó bá fọ́ ti dín lówó. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wa lè ṣe gbogbo rẹ̀. Èlé ni ó ń pa ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà kajú gbọ́dọ̀ ra gbogbo ohun tó máa lò láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tí ó fi ń já. Bó bá ra tọ́ọ̀nù 1,000 ní ₦1.8 mílíọ̀nù ọ̀kọ̀ọ̀kan, bílíọ̀nù ₦1.8 nìyẹn. Bó ṣe ń pa á díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, ìdajì owó yẹn ló máa wà nílẹ̀ ní ìpíndọ́gba, ìyẹn ₦900 mílíọ̀nù. Ní oṣù Kọkànlá 2024, CBN gbé èlé ìpìlẹ̀ dé 27.5%, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni báńkì sì ń yá lówó ní iye tó ju ìyẹn lọ. Ká mú 30%: èlé oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ ₦202.5 mílíọ̀nù. Ẹni tó ń yá tirẹ̀ ní 8% níbòmíràn á san ₦54 mílíọ̀nù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦148.5 mílíọ̀nù. Tọ́ọ̀nù 1,000 tí kò tíì bó á fún wa ní ọmọ inú bíi tọ́ọ̀nù 220, nítorí náà ₦675,000 ni ìyàtọ̀ èlé nìkan fi lé orí tọ́ọ̀nù kajú bíbó kọ̀ọ̀kan, ìyẹn $450 ní ₦1,500. Wọn kò tíì tan bọ́ílà, wọn kò tíì san owó oṣù ẹnì kankan. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọkọ̀ gbé kajú tí kò bó láti Òró lọ sí ìhà kejì ayé, tí ó sì tún padà wá bá wa nínú ike kékeré ní ilé ìtajà, èlé yìí ni ó sún un dé ọ̀hún.

Ẹnìkan lè ní kí ìjọba ṣáà fòfin de títa èyí tí kò bó. Mozambique ti rí ìhà méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà lára àwọn tó ń ṣáájú láyé nídìí kajú tẹ́lẹ̀. Ní àárín ọdún 1990 sí 1999, Báńkì Àgbáyé ní kó dín owó orí tó ń gbà lórí kajú tí kò bó kù, pé àgbẹ̀ á rí owó gidi gbà. Ó dín in kù. Kajú sá lọ sí India, ilé-iṣẹ́ tilẹ̀kùn, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́, èyí tó sì kún owó àgbẹ̀ kò tó nǹkan, torí àwọn alágbàtà ló gba púpọ̀ rẹ̀. Èyí fi hàn pé ìlẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ gbayawu lè pa ilé-iṣẹ́.

Ìlẹ̀kùn tí a tì pa náà ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso òrí tútù jáde, fún oṣù mẹ́fà lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn ilé-iṣẹ́ nílé lè fi ṣe òrí. Àwọn obìnrin tó ń ṣa èso òrí ní Kaiama àti Baruten ní àríwá Kwara ni ọ̀rọ̀ náà kàn tààrà. Bí àwọn oníbàárà òkè òkun bá jáde kúrò lọ́jà, tí àwọn ilé-iṣẹ́ nílé kò sì tíì ní ẹ̀rọ àti owó tó lè gba gbogbo èso náà, èso á pọ̀ ju ẹni tó ń rà á lọ. Obìnrin tó ṣa á lóko ló máa kọ́kọ́ san owó ìlọsíwájú tí à ń wá. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni owó tí ilé-iṣẹ́ lè yá lówó pọ́ọ́kú lásìkò tí èso ń já, kí òfin tó tẹ̀lé e. Bí a bá gbé òfin ṣáájú, ẹni tí kò lágbára ni a fi ń dán an wò.

Ìlọrin tún jẹ́ ìlú irin. Ìtàn tí a gbọ́ ni pé láti ibi òkúta tí wọ́n ti ń lọ irin ni orúkọ ìlú náà ti wá, òun ló sì tún wá di ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ìṣó àti wáyà lónìí. Ìṣó dà bí ohun tó rọrùn: wọ́n á mú ọ̀pá irin tín-ín-rín tó ká bí okùn, tó nípọn bíi 5.5 mm, wọ́n á fà á gba ojú ihò irin líle tó ń kéré sí i lọ, títí á fi dé ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀rọ á gé e, á lu orí rẹ̀, á pọ́n ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì dà á sínú àgbá tó ń yí pẹ̀lú èérún pákó kó lè dán. Ibi tí ọ̀pá irin náà ti wá ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní oṣù Kẹfà 2015, CBN kọ orúkọ ọjà 41 sílẹ̀ tí òun kò ní ta dọ́là fún ẹni tó fẹ́ kó wọn wọlé. Ìṣó wà nínú rẹ̀, inú oníṣòó dùn. Ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń ṣe ìṣó náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ọ̀nà láti yọ́ irin fúnra rẹ̀ ní láti lọ wá dọ́là lọ́jà bílákì láti ra ohun èlò, bẹ́ẹ̀ wọ́n sọ pé wọ́n ń dáàbò bò ó. Oṣù Kẹwàá 2023 ni wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Owó aṣọ́bodè ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà. ECOWAS ní ìpele márùn-ún tí gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ jọ ń lò: 0%, 5%, 10%, 20% àti 35%. Ká sọ pé ìṣó tó jẹ́ ₦100 ní òkè òkun ní ọ̀pá irin ₦80 nínú. Ohun tó kù fún òṣìṣẹ́, iná àti èrè jẹ́ ₦20. Bí wọ́n bá fi 20% lé ìṣó tó ń wọlé, tí wọn kò sì gba nǹkankan lórí ọ̀pá irin, oníṣòó wa lè tà á ní ₦120, ohun tó kù fún un ti di ₦40, ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá fi 20% lé méjèèjì, ọ̀pá irin á di ₦96, ₦24 ló kù. Bí wọ́n bá fi 35% lé ọ̀pá irin, ó di ₦108, ₦12 péré ló kù fún un, ó sàn fún un tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbèjà rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba fi owó kún orí ọjà kan láti ran ilé-iṣẹ́ wa lọ́wọ́, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe sí ohun èlò rẹ̀ kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.

Owó aṣọ́bodè tó ga jù náà ń bí fàyàwọ́, àwa tí a bá Benin pààlà ní Chikanda sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ńlá Nàìjíríà nìyẹn pẹ̀lú. Iná kò dúró, epo dúdú tí wọ́n fi ń gbóná omi wọ́n, China wọ WTO, àjọ tó ń bójú tó òwò àgbáyé, ní oṣù Kejìlá 2001, nígbà tó sì di 1 oṣù Kínní 2005, òfin tó fi ààlà sí iye aṣọ tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè tà fún àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Aṣọ ẹ̀rọ tó pọ̀ rẹpẹtẹ gba orí omi wọlé, ó tún gba ẹnu ibodè wọlé. Àdìrẹ náà rí tirẹ̀: ẹ̀rọ ti ń tẹ àwòrán rẹ̀ sára aṣọ ní China báyìí, láìsí ẹ̀lú, láìsí ẹ̀kọ láfún.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí òfì, torí iye tí a kà lẹ́ẹ̀kan tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. ECOWAS ní ètò kan tó jẹ́ kí ọjà ọmọ ẹgbẹ́ wọ Ghana, Benin tàbí Togo láìsan owó aṣọ́bodè. Ọjà ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni òun. Ọ̀nà méjì wà lára àwọn tí wọ́n fi ń wò ó: kí ohun èlò tó wá láti inú ECOWAS tó 60%, tàbí kí iye tí iṣẹ́ tí a ṣe níbí fi kún un tó 30% iye owó ọjà náà bó ṣe ń jáde ní ilé-iṣẹ́. Ìṣó tí a ṣírò yẹn, tí ọ̀pá irin òkè òkun jẹ́ ₦80 nínú ₦100 rẹ̀, ₦20 péré ni iṣẹ́ wa fi kún un. Kò kọjá ní ọ̀nà méjèèjì yìí. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń yọ́ pàǹtí irin tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lè kọjá. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ lò ó á kọ́kọ́ forúkọ ara rẹ̀ àti ọjà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè gba ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá, ìwé tó bá sì fi ìpín ohun èlò òkèèrè pamọ́, àwọn aṣọ́bodè òdìkejì á dá a padà.

Iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ètò náà. Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe láìlo ẹ̀rọ oníná, wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá. Òwú rẹ̀ lè ti China wá, ṣáínṣáín rẹ̀ lè ti India wá, ṣùgbọ́n aṣọ òfì tí ahunṣọ fi ọ̀kọ̀ àti asà hun ní Ìlọrin wà lára ọjà tí ètò yẹn ṣílẹ̀kùn fún, láti Chikanda títí dé Accra.